Ẹ̀rí Lábẹ́ Apá Adìẹ

Jagun tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù já wọ àgbàlá Àwẹ̀ró opó: "Ẹtù mi ló yé ẹyin sóko ilá rẹ kí adìẹ rẹ tó sàba lé e. Àfi bí ìyá mìíràn bá jẹ́rìí pé òun ló ni wọ́n, tèmi ni gbogbo ọmọ ẹtù yìí!" Àwẹ̀ró ní, "Ó dáa, Bàbá, ẹ gbé ẹtù yín wá." Wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ, àwọn ọmọ ń ṣa àgbàdo jẹ láàárín wọn. Àfi gbàrà tí Àwẹ̀ró gbójú sókè, tó pàtẹ́wọ́, tó figbe ta: "Àwòdì o!" Ẹtù Jagun fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí òrùlé. Adìẹ na apá, gbogbo ọmọ sì rọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀: "Bàbá, ìyá ọmọ kì í sá fọ́mọ sílẹ̀. Tiyín ló wà lórí òrùlé yẹn."