Odi Jẹ́nríyìn ní Ìdóyanrìn

Kí odi tó wà ní Ìdóyanrìn, inú ẹ̀rù ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí òkun sì rọ̀, àwọn jàgùdà á gúnlẹ̀ sí etíkun, wọn á jó ilé, wọn á kó ènìyàn lọ. Lọ́dún kẹta tí wọ́n ti ń wá ni wọ́n mú Àṣàbí, ọmọ kan ṣoṣo tí Jẹ́nríyìn bí. Ọba ní kí gbogbo ìlú palẹ̀ mọ́, kí wọ́n sá wọ igbó. Jẹ́nríyìn, obìnrin amọlé tí ògiri rẹ̀ kì í sán, adúmáadán bí kóró iṣin, dìde láàárín ìgbìmọ̀.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ máa lọ. Bí onílé bá sá fún olè, ta ló kù tí yóò ni ilé? Ibi tí wọ́n ti mú ọmọ mi gan-an ni n ó mọ odi sí. Ẹni tó bá lọ́wọ́ tó lè po amọ̀, kó máa tẹ̀ lé mi."

Ọba lọ, ìdajì ìlú bá a lọ. Àwọn tó kù sun ìkarahun, wọ́n gún un, wọ́n pò ó mọ́ amọ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, odi ti ga ju ọ̀pẹ kékeré lọ. Wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn yí i ká, wọ́n là á dé etí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì fi amọ̀ líle dí ẹnu rẹ̀ kí omi má baà wọlé.

Ọyẹ́ dé, àwọn jàgùdà náà dé. Olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní Ekùn-omi, fa Àṣàbí jáde nínú ọkọ̀.

"Ìyá yìí, ọmọ rẹ rèé! Ṣílẹ̀kùn, kí gbogbo yín kúnlẹ̀, n ó dá a sílẹ̀."

Jẹ́nríyìn tẹ̀ síwájú lórí odi. Kó tó lanu, Àṣàbí ké: "Yèyé mi, irọ́ ló ń pa! Ẹ má ṣí i o!" Wọ́n gbá a létí, wọ́n wọ́ ọ padà sínú ọkọ̀.

"Ekùn-omi, o gbọ́ ọmọ mi àbí o ò gbọ́?" ni Jẹ́nríyìn wí. "Èmi ni mo bí i. Orúnkún mi kò mọ bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún olè. Bí o bá fẹ́ wọlé, wá fi èékánná rẹ gbẹ́ ògiri mi!"

Inú bí ọkùnrin náà. Òun àti àwọn jagunjagun rẹ̀ bẹ́ sínú yàrà gbígbẹ, wọ́n ń fi àáké ṣá ìdí odi. Jẹ́nríyìn ń wò wọ́n títí ẹni ìkẹyìn nínú wọn fi wọ inú yàrà, ó wá gbé ọwọ́ sókè. Àwọn tó ń ṣọ́ etí ọ̀sà fọ́ ìdènà. Omi ya wọ yàrà pẹ̀lú ariwo, ògiri amọ̀ ń yọ̀, kò síbi tí ẹnikẹ́ni lè dì mú. Ibẹ̀ ni Ekùn-omi kú sí.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ rí i, wọ́n yí orí ọkọ̀ padà, wọ́n gbé Àṣàbí lọ. Jẹ́nríyìn sáré wọ inú òkun títí omi fi mù ún dé àyà, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Wọn kò fojú kan Àṣàbí mọ́ láéláé.

Nígbà tí ọba padà dé, àwọn ènìyàn fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un nínú odi. Jẹ́nríyìn dá wọn dúró. "Nítorí pé a kò kúnlẹ̀ níbí ni mo fi pàdánù ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ nínú odi yìí mọ́, ìbáà ṣe fún adé."

Òkun ti jẹ lára odi náà lónìí, àmọ́ àwọn àlejò ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá wò ó. Èérún ìkarahun ń dán nínú ògiri, ipa ìka àwọn tó mọ ọ́n sì hàn kedere. Lọ́dún tó kọjá, ọba ìlú ńlá kan wá síbẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá Túwàṣe, arúgbó tó ń mú àlejò káàkiri odi, kò tẹ orúnkún.

"Kábíyèsí, ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí àwọn ènìyàn yín dìde. Níbí, a máa ń dúró ni."