Ìgbín Òkun Inú Àwo Funfun

Bàbá Akínrìnmádé ni ó kọ́kọ́ pa àkàwé yìí nínú ilé wa, ní oṣù Kẹta ọdún 1987. Ó ti etíkun Ìlàjẹ wá sí Àkúrẹ́ láti wo àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí Dúrójayé, ọmọ obìnrin náà kan ṣoṣo, ti mú wá sọ́dọ̀ wa kí ó lè sinmi iṣẹ́ ẹja yíyan. Ìyá náà kì í jẹun mọ́. Ó ń rù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àrùn kankan. Ẹ̀rù ń ba Dúrójayé pé òun yóò sin ín kí ọdún náà tó parí.

Bàbá jókòó, ó ní:

"Ọkùnrin kan wà ní etí òkun tí ó rí ìgbín òkun kékeré kan, irú èyí tí kò ní ìkarawun. Kò ju èékánná lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé tútù. Inú ewéko omi tí ó bo òpó ilé tí wọ́n kọ́ sórí omi ni ó ń gbé, òun náà ni ó ń jẹ. Ọkùnrin yìí ní, 'Irú ohun tó rẹwà báyìí, nínú ìdọ̀tí?' Ó já a kúrò, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó fi í sínú àwo funfun. Omi òkun náà ni ó ń bù sí i láràárọ̀. Ó fún un ní ẹ̀kọ. Ó fọ́ ẹyin sí i. Ìgbín kò fẹnu kàn án. Àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, títí ó fi funfun bí ẹfun. Ọkùnrin náà rò pé àwo ni kò tóbi tó, ó ra òmíràn.

"Ìyàwó rẹ̀ ló bi í pé, 'Bàálé mi, ìdọ̀tí tí ẹ fọ̀ dànù yẹn ńkọ́?' Ìgbà náà ni ó gbé ìgbín padà sára òpó. Ó jẹun. Ara ewéko yẹn ni ó ti ń rí àwọ̀ rẹ̀ látilẹ̀."

Ìyá Dúrójayé gbójú sókè lórí àga tí ó dùbúlẹ̀ sí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbín lẹ wá fi mí pè?"

"Ìgbín tún sanra jù ọ́ lọ."

Dúrójayé ní, "Bàbá, èéfín yẹn ń ba ojú wọn jẹ́. Kí ló kù tí mi ò ṣe fún wọn?"

"O ti ṣe é tán, ọmọ mi. O ti ra àwo ńlá. Èéfín lo rí. O ò rí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja, tí wọ́n jọ ń bú ara wọn, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Bí o bá fẹ́ tọ́jú ènìyàn, kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń gbé e dìde láàárọ̀."

Dúrójayé dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó ń di ẹrù ìyá rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń padà sí etíkun Ìlàjẹ, kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ìyá náà ti ń bá atukọ̀ jà pé kò mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó ní ebi ń pa òun. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 1987.