Bí Òkété Ṣe Pààlà Ilẹ̀ Erin àti Ẹfọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi já bọ́, ó bọ́ sórí Òkété.

Ọba Erin àti ọba Ẹfọ̀n ń du ilẹ̀ kan. Wọ́n ní kí Àgbọ̀nrín pààlà. Ó to òkúta, Ẹfọ̀n kó o dànù. Ọ̀bọ ṣá igi lámì, Ẹfọ̀n gé igi náà. Ogun fẹ́ bẹ́. Ló bá kan Òkété.

"Ìwọ onímú ṣóńṣó yìí?" Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Òkété ò bínú. Ó fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó ń gbin pèrègún, ó ń kọrin:

Ẹ fà á tu o,
Ilẹ̀ á sọ.
Ẹ gbé e lọ o,
Ilẹ̀ á sọ.

Kò pẹ́, Ẹfọ̀n hú pèrègún, ó lọ gbìn ín sínú ilẹ̀ Erin. Ó ní, "Ààlà rèé."

Òkété ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ìdí ẹ̀." Erùpẹ̀ lásán ni wọ́n bá. Ó mú wọn padà síbi tó kọ́kọ́ gbìn ín sí, ó gbẹ́ ẹ. Èédú ló wà níbẹ̀, èyí tí Òkété ti rì mọ́ ìdí pèrègún kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀ nígbà tó ń gbìn ín. Èédú kì í jẹrà.

Ẹfọ̀n tẹrí ba. Erin fi ọwọ́jà gbé Òkété sókè, gbogbo ẹranko ń gbè é: Ilẹ̀ á sọ.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ gbẹ́lẹ̀ wò.