Àgbàrá Tí Kò Rílé Wọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ó ti rẹ̀ mí, n kò sì lè pariwo. Èmi ni Ọdẹ́yalé, ọdẹ tí a bí sí Ìlú Olómi, ìlú tó fi omi jórúkọ tí kò rí omi bọ́jú. Òjò wa kì í dé lásìkò mọ́. Bó bá sì dé, á dé tìbínú-tìbínú, á wó ògiri, á sì bá tirẹ̀ lọ. Olówó kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ èyí tó jìn jù ú lọ, títí omi fi sá fún gbogbo wa. Nígbà tí Àyọ̀ká aya mi wí pé bí n kò bá tètè wá omi, òun yóò kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá òun, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ igbó iwin lọ.

Iwin olójú kan dá mi dúró, iwin ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ dá mi dúró, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: níbo ni n óò fi omi sí? Mo ní inú kànga. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n máa lọ. Ẹsẹ̀ mi wú, ìbéèrè náà sì sú mi.

Láàárín igbó ni mo ti bá ẹ̀dá gíga kan tó jókòó sínú ẹrẹ̀, tí ike àti ọ̀rá lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo béèrè ẹni tí í ṣe.

“Èmi ni Àgbàrá ìlú yín. Ó rẹ̀ mí jù ọ́ lọ, ọmọ ènìyàn. Nígbàkígbà tí mo bá ti òkè wá, ibi tí n óò gbà wọnú ilẹ̀ ni mò ń wá. Ṣìmẹ́ńtì ni iwájú ilé yín, ṣìmẹ́ńtì ni ẹ̀yìnkùlé, ẹ sì ti kọ́lé sórí àbàtà tí mo ti ń sinmi. Bí mo bá rí ilẹ̀ wọ̀, èmi náà ni omi kànga yín.”

Ó na akèrègbè kékeré kan sí mi, ó ní omi rẹ̀ kì í tán, ṣùgbọ́n kò lè tó ju agbo ilé mi lọ. Ó ní bí n kò bá gbà á, òun yóò bá mi lọ sílé, ṣùgbọ́n a óò ní láti ṣí ilẹ̀, a ó sì dúró pẹ́. Mo rántí Àyọ̀ká, ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo tún ro ti gbogbo àdúgbò tí òùngbẹ ń gbẹ.

“Ẹ bá mi lọ sílé,” ni mo wí.

Kí n tó dé, Àyọ̀ká ti lọ. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo mú dígà, mo fọ́ ṣìmẹ́ńtì iwájú ilé mi, mo gbẹ́ kòtò síbẹ̀, mo kó òkúta kún un kí Àgbàrá lè máa ríbi rọra wọlẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ìbànújẹ́ ti dà mí lórí rú. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀. Díẹ̀ nínú wọn fọ́ tiwọn.

Lánàá, mo ju òkúta sínú kànga mi tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀, mo gbọ́ tí omi dáhùn. Mo ránṣẹ́ sí Àyọ̀ká. Kò tíì fèsì.

Ẹ lọ ṣí ilẹ̀ yín kí òjò tó dé, kí ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ilé yín bá dá páropáro. Ẹ jẹ́ kí n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀.