Àwẹ̀ró, Ìyàwó Agboolé Olú

Nígbà láéláé, kí olú inú igbó tó ní àdírẹ́sì, agboolé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé, nídìí igi àràbà ńlá kan. Fìlà funfun kan náà ni wọ́n ń dé, wọ́n á sì fà á bojú dé imú. Bí o bá kí ẹ̀gbọ́n, àbúrò ni yóò dá ọ lóhùn. Ìyá tó bí wọn gan-an, nígbà tó sú u, "Ìwọ yẹn" ló ń pe gbogbo wọn.

Agboolé yìí ni Àwẹ̀ró, ọmọ Ikán, lọ fẹ́ ọkọ sí. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló dá mọ̀, nítorí òun nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ nínú wọn.

Ẹ ṣáà mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Òun ni yóò fi ìwà tàbí ìrísí kálukú fún un lórúkọ. Ti agboolé Olú wá le díẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kẹsàn-án, ìyàwó gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ síwájú gbogbo wọn, kí ó sì pe kálukú ní orúkọ tó bá a mu. Bó bá ku ẹyọ kan tí kò mọ̀, kó padà sílé ìyá rẹ̀ nínú ọ̀gán.

Àwẹ̀ró ò fẹ́ padà rárá. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ ní tiwọn, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Bó bá gbé omi fún ọ̀kan, onítọ̀hún á ní, "Ìyàwó, mo ti mu tèmi, ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀ ń wá." Kó tó yíjú padà, wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó sídìí ààrò, ó sunkún.

Àṣé ìyàwó tó ń gbálẹ̀ ń rí nǹkan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, abẹ́ fìlà ló ń wò, ẹsẹ̀ ló ń wò. Àwẹ̀ró rí i pé abẹ́ fìlà àwọn kan ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ti àwọn mìíràn sì lu bí asẹ́. Ó rí ẹni tó máa ń fẹ̀yìn ti ìtì igi jíjẹrà, ó rí ẹni tí kì í kúrò nídìí ọ̀pẹ. Ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan fura, ẹni tí àpárá rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Bó ṣe rí i pé ìyàwó ń wo ẹsẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ àpò, ó so aṣọ mọ́ ọrùn, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi Afẹ̀yìntìtì, ẹ wá jẹun."

Onítọ̀hún rẹ́rìn-ín títí. Ó gba oúnjẹ rẹ̀, ó sì kọrí sídìí ìtì igi tààrà.

"Ọkọ mi Ará-ìdí-ọ̀pẹ. Ọkọ mi Abẹ́-asẹ́, tí èlùbọ́ ò lè ṣòro kù lọ́wọ́ yín."

Ó wá kan ẹnìkan tó ń fọ́nnu káàkiri ilé. "Ọkọ mi Afárá-kò-lóyin. Inú fìlà yín lu jára bí ilé oyin, ikùn yín náà sì ṣófo."

"Ìyàwó, ṣé èébú nìyẹn?"

"Ó tì o, ọkọ mi. Ibi tó ṣófo làyè wà."

Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn débi pé ó yí fìlà rẹ̀ síta, kí gbogbo ayé lè rí ihò inú rẹ̀.

Ó wá ku aláàpò. "Èmi ńkọ́, ìyàwó?"

Àwẹ̀ró wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Àpò ló rí, aṣọ ọrùn ló rí. Ìyá ọkọ sọ sí i létí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣáà sọ èyíkéyìí. A ó gbà á."

Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Irọ́ kékeré kan ni Àwẹ̀ró ì bá fi dúró tì í.

"Ẹ má bínú, ìyá," ló sọ. "Èyí tí mi ò mọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n ni. Bí mo bá fún un lórúkọ ẹni rere, ẹni tó bá gbọ́ lẹ́nu mi á fọkàn tán an."

"Ó ku ẹyọ kan," ni aláàpò wí, ó ń pàtẹ́wọ́.

Òfin lòfin ń jẹ́. Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀, ó padà sínú ọ̀gán. Ìyá rẹ̀ mú un wọ yàrá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó tẹ̀ lé e. "Ṣé ilé àna lo fẹ́ lọ máa gbé?" ni wọ́n fi ń bú u. Ó gun orí ọ̀gán, kò rí ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ó wá na ẹsẹ̀ wọlẹ̀, ó ń nà án lọ.

Láti ọjọ́ náà ni kálukú olú ti ń hù níbi tí orúkọ rẹ̀ gbé e lọ. Aláàpò nìkan ló kù lábẹ́ igi, kò rí ẹni dá àpárá fún mọ́. Inú tó ń bí i di oró sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì bọ́ àpò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń wa olú tẹsẹ̀tẹsẹ̀, kí wọ́n lè wò ó bóyá àpò wà nídìí rẹ̀, tí èyí tí wọn ò bá mọ̀ kì í dé inú ìkòkò wọn.

Láti ọjọ́ náà náà ni olú ọ̀gán ti ń yọ lórí ilé Ikán bí òjò bá ti rọ̀. Bí o bá ń fà á, tí o rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn bọ̀ láti inú ilẹ̀, rọra o. Ó ti fẹ́ dé yàrá ìyàwó rẹ̀.