Agbẹ́kànga Tó Ha Ìfun Ara Rẹ̀

Dúró níbẹ̀ ná. Ìwọ tí o di ìgò oògùn ìfọnú mú, tí o ń ro iye ìdérí tí wàá mu kí ààwẹ̀ ìjọ tó bẹ̀rẹ̀, gbé ìgò náà sílẹ̀ kí o fetí sí mi.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kànga gbígbẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá ti fà, àwọn onílé a ránṣẹ́ pè é kó wá kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kànga wọn. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run.

Lọ́dún kan, opó kan pè é. Ó wọ inú kànga lọ, ó kó ẹrẹ̀ jáde, korobá mẹ́rìndínlógún, ó sì gòkè. Opó náà yọjú wo ìsàlẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Mo ṣì ń rí nǹkan pupa kan tó ń yọ̀ lára ògiri. Padà lọ ha á kúrò."

"Màmá, amọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun ló di kànga yín mú. Tí mo bá ha á, iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ á ya wọlé, ẹ ò sì ní í ní kànga mọ́."

"Àbí ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀lẹ kì í wọ kànga, Màmá. Òkè níbí ni ọ̀lẹ máa ń dúró sí."

Opó náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi amọ̀ náà sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìjọ ọkùnrin yìí wọ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà, ààwẹ̀ gbígbẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í fi omi kan ẹnu títí oòrùn yóò fi wọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ fi í jẹ díákónì. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ohun èlò tó dọ̀tí kò yẹ níwájú pẹpẹ. Ó bá lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oògùn ní ibùdókọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," olóògùn wí, "ẹran tí ẹ jẹ níjọ́ ìgbéyàwó yín ṣì wà nínú ìfun yín, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà. Ẹ máa mu èyí ní ìdájí. Tí ẹ bá ti rí ohun tó ń yọ̀ bí omi ilá, ìdọ̀tí ló ń jáde yẹn. Ẹ má dáwọ́ dúró títí yóò fi mọ́ gaara bí omi òjò."

Ìdérí kan ni wọ́n kọ sára ìgò. Ó mu mẹ́ta, torí ó fẹ́ kó tètè mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣu títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, omi lásán ni. Lọ́jọ́ kẹta, ohun tó ń yọ̀ bí omi ilá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìtùnú, ojú yín ti wọnú. Ẹ fi omi kan ẹnu, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyá Ìtùnú, má jẹ́ kí Sátánì yá ẹnu rẹ lò. Ìdọ̀tí ló ń jáde."

"Ìdọ̀tí wo? Ẹ̀kọ méjì péré lẹ jẹ láti ọjọ́ Ajé! Kí ló tún ń dọ̀tí níbẹ̀?"

Ní ìdájí tó tẹ̀ lé e, ó tún mu mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kò sì tọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà wò ó, ó mi orí. "Ohun tó ń yọ̀ tí ẹ rí yẹn, ara yín ló ṣe é. Òun ló bo ìfun nínú kó má baà bó. Oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ìfun fún ọdún gbọọrọ. Ìfun a máa tì í jáde fúnra rẹ̀. Omi àti iyọ̀ ara yín lẹ fọ̀ dànù, kíndìnrín yín sì ti dáṣẹ́ sílẹ̀."

 Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Amọ̀ ni," ó ní. "Amọ̀ ni mo ń ha."

Ó kú lọ́jọ́ Ìsinmi, kí agogo ìjọ tó dún. Aṣọ funfun tí wọ́n rán fún oyè díákónì ni wọ́n fi sin ín. Kànga opó yẹn ṣì ń sun omi títí di òní.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ọkùnrin yìí mọ ohun tó gbé kànga ẹlòmíì dúró, kò mọ ohun tó gbé ara tirẹ̀ dúró. Ẹni tó dá ikùn rẹ kò gbàgbé láti fún un ní ọ̀nà àbájáde. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í gbé inú ìfun. Tí ìkùnsínú bá wà lọ́kàn rẹ, lọ bá arákùnrin rẹ parí rẹ̀. Kò sí oògùn tó lè ṣu ú jáde. Tí ìgbẹ́ bá sì ń há ọ, tàbí tí o rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ, má gba ibùdókọ̀.

Ìgò yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣí i, kí o dà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, bu omi mu, ọmọ ìyá mi. Mo bẹ̀ ọ́, bu omi mu.