Eérú Tí Ìyálóde San Epo Lé Lórí

Ọlọ́ṣẹ pọ̀ ní ìlú Arígbábu, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ọṣẹ rẹ̀ ń tà tó ti Ìyálóde Tinúadé. Eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ. Bí wọ́n bá sì ti sẹ́ omi rẹ̀ tán, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ di ohun àdànù. Oko ni òfin àtijọ́ ní kí wọ́n rù ú lọ. Ẹni tó bá dà á sí odò Ẹlẹ́rìn yóò gbá ọ̀nà odò lójú gbogbo ayé.

Ọ̀nà oko sú Ìyálóde. Ó sọ níwájú Baálẹ̀ pé, “Ìgbálẹ̀ kì í bọ́ ìlú. Ẹ jẹ́ ká fi iye lé e: agbọ̀n eérú kan tí ẹni bá dà sódò, kèrègbè epo kan fún Baálẹ̀. Epo wọ́n, wọn ò ní lè máa dà á ṣáá.” Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ìlú sì gbà á.

Òun ló kọ́kọ́ san. Ó da tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń pọnmi, kí odò gbé e lọ. Àwọn tó ń tijú tẹ́lẹ̀ wá ń da tiwọn síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí ẹnìkan bá wò wọ́n, wọ́n á ní, “Kí lẹ ń wò? Ṣebí a ti san epo.”

Ìyá Ọ̀sọ̀, arúgbó kan tó ń gbé nísàlẹ̀ odò, wá bá a. “Ìyálóde, omi wa ń bó wa lẹ́nu.”

“Ìyá, epo wà lọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ẹ lọ gba tiyín.”

“Ṣé epo ni kí n wá máa mu?”

Ìyálóde rẹ́rìn-ín, ó wọlé.

Nígbà tó yá, eérú ga títí ó fi dí odò. Omi tí kò rọ́nà lọ ṣẹ́rí padà síbi tí ilé Ìyálóde ti ń pọnmi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn àna wá tọrọ Àṣàbí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé omi fún ìyá ọkọ. Ìyẹn tọ́ ọ wò, ó sì rọra gbé igbá sílẹ̀.

“Ìyálóde, ẹ má bínú. A mọ̀ pé ọṣẹ lẹ ń tà. Ṣé òun náà lẹ fi ń ṣàlejò ni?”

Ìyálóde fẹ́ sọ pé òun ti san epo. Ṣùgbọ́n kò lè wo ojú Àṣàbí. Ó tú gèlè rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì lọ gbá ọ̀nà odò, lójú àwọn àna, lójú Ìyá Ọ̀sọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ojú ọ̀nà odò yẹn ni àwọn àgbà ti rí i pa lówe pé, ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.